Àlòkù, Tòkunbọ̀ àti Gíláàsì Olójèé: Èdè Àwọn Tó Ń Ra Kirísítálì Tà

Nínú àwọn òwò kéékèèké tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ni kí ènìyàn máa ra ife, àwo àti ìgò kirísítálì lọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun tí ẹlòmíràn ti lò, kí ó sì tà á ní ọ̀wọ́n fún ẹni tó mọyì rẹ̀. Ojú tó mọ ìyàtọ̀ ló ń jèrè nínú òwò yìí, nítorí pé lórí pẹpẹ kan náà ni ife ojúlówó àti ife lásán jọ máa ń jókòó sí, tí owó kan náà sì lè wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òwò yìí ní Yorùbá nílò èdè tó lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn, èdè náà sì wà nílẹ̀. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ń lò níbi tí Yorùbá ti ní mẹ́ta.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni "ọjà tó ti lò". Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni "lò", ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń lo nǹkan, tí gírámà ń pè ní olùwà, àti ohun tí a ń lò, tí à ń pè ní àbọ̀. Bí a bá wí pé ọjà ló ti lò, ọjà náà la sọ di ẹni tó lo nǹkan. "Ọjà tí a ti lò" ló tọ́, èyí tó sì kúrú, tó sì dùn jù ú lọ ni "àlòkù", ohun tí a lò tí ó kù, tí wọ́n ṣẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣẹ̀dá àjẹkù àti àfọ́kù. Nítorí náà, ìsọ̀ àlòkù ni orúkọ tó yẹ ibi tí wọ́n ti ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ṣọ́ọ̀bù kan wà tó yàtọ̀ díẹ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń kó ẹrù wọn wá lọ́fẹ̀ẹ́, tí owó tí wọ́n bá pa sì ń lọ sọ́dọ̀ aláìní. Irú rẹ̀ ni Goodwill, tí Edgar Helms, àlùfáà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dá sílẹ̀ ní Boston ní ọdún 1902, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù Oxfam, tó bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Broad Street ní Oxford ní ìparí àwọn ọdún 1940. Èyí ni a lè pè ní ṣọ́ọ̀bù ìtọrẹ àánú, nítorí pé "ìtọrẹ" ń fi hàn pé ẹ̀bùn ni ọjà ibẹ̀ kí ó tó di ọjà.

Àlòkù kọ́ ni tòkunbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ti so wọ́n pọ̀. "Ti òkun bọ̀" ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé ni kí ó tó ràn mọ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò lókè òkun. Ife tí wọ́n rà ní Peckham ní ìlú London, tí wọ́n sì tà ní Peckham, àlòkù ni. Ọjọ́ tó bá wọ àpótí ẹrù tó gúnlẹ̀ sí Èkó ló tó di tòkunbọ̀. Òkìríkà àti bọ́síkọ́nà kò bá gíláàsì tan rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni méjèèjì: ti àkọ́kọ́ wá láti ara orúkọ ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ti èkejì sì ń sọ nípa ẹni tó bọ́ sí kọ̀rọ̀ láti gbé aṣọ náà wọ̀.

Orúkọ oníṣòwò náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń pè é ní alágbàtà, kò sì burú, ṣùgbọ́n alágbàtà ni ẹni tó gba ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà láti fi èrè lé e, kí ó tún un gbé fún ẹlòmíràn, ó sì sábà máa ń mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, tó ń tú pẹpẹ, tó ń ṣa ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, títí ẹrù rẹ̀ yóò fi tó tà, alájàpá ni ìṣe rẹ̀ jọ jù. Lóòótọ́, oúnjẹ oko ni alájàpá ayé àtijọ́ ń ṣà kiri ọjà ìletò. Ìrìn náà àti ọgbọ́n náà ni kò yí padà.

Bí a bá dé orí ọjà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé. "Dígí" tàbí "jígí" ni èyí tí a fi ń wo ojú, tí àwọn àgbà ń pè ní àwòjíìjí, àti èyí tó wà lójú fèrèsé. "Gíláàsì" ni ohun èlò náà àti ife tí a fi ń mu omi. "Kirísítálì" sì ni gíláàsì tó mọ́ gaara tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àyálò ni gíláàsì àti kirísítálì, wọ́n sì gba fáwẹ̀lì kún ara nítorí pé Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì sùn ti ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí àyálò náà rò pé ohun àjèjì ni gíláàsì fún Yorùbá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, ti wá wú nǹkan ní ọdún 1910, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀, ìwádìí sì ti fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń fi ohun èlò àdúgbò wọn ṣe gíláàsì tiwọn. Orúkọ ohun tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló dúró lẹ́nu títí di òní, pàápàá sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lásán.

Kirísítálì gan-an ní ìtàn, nítorí pé orúkọ òkúta ni. Àwọn oníṣẹ́ gíláàsì Murano, lẹ́bàá Venice, ni wọ́n fi orúkọ òkúta tó mọ́ bí omi náà pe gíláàsì wọn ní ọ̀rúndún 15, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú sáyẹ́ǹsì, gíláàsì kò ní ètò inú tí òkúta kirísítálì ní. Ní ọdún 1674, George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ ní ìlú London lórí irú gíláàsì tuntun kan, èyí tó wá di olókìkí nígbà tí ó fi òjé sí i. Òjé yìí kì í ṣe àjèjì ọ̀rọ̀: irin rírọ̀ tó wúwo náà ni, èyí tí àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń lò láti ọdún 1969, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ jẹ́ àdàpọ̀ òjé kí gíláàsì tó lè jẹ́ kirísítálì olójèé, bí ó bá sì tó ìdá 30, ó bọ́ sí ìpele tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òǹkọ̀wé kíyè sí àmì ohùn "olójèé": bí "oní" ṣe pàdé "ọ̀pá" tó di "ọlọ́pàá", bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàdé "òjé" tó di "olójèé", tí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ náà sì sún lọ síwájú dípò kí ó sọnù. Ẹni tó bá kọ "olójé" ti gbé ohùn kan jù nù. Òjé yìí náà ló fà á tí kò fi yẹ kí a rọ ọtí sínú ìgò olójèé kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni òjé ń wọ inú ọtí.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Ó wúwo ju bí ojú ti rò ó lọ. Bí a bá fi èékánná ta ẹnu ife tó tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì lásán yóò dún lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ti olójèé yóò ró, ìró rẹ̀ yóò sì fà bí ti agogo kí ó tó kú. Ìdí nìyí tí "ró" fi bá a mu ju "dún" lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, kì í kàn dán nìkan, ó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọnà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ igbá Ọ̀yọ́ ń lò, "fín", ló yẹ gíláàsì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ọnà sí lára, nítorí náà gíláàsì fínfín ni, bí igbá fínfín. Kò ṣeé pè ní "àfín", ọ̀rọ̀ yẹn ti ní oníwun. Gíláàsì tí wọ́n tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù yàtọ̀: etí ọnà rẹ̀ kì í mú lọ́wọ́, ìlà ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé sì sábà máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹ má ṣe pe irú èyí ní ayédèrú, nítorí ayédèrú ni ohun tí a ṣe láti fi tan ènìyàn jẹ, ẹni tó tẹ gíláàsì kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó di ayédèrú lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fi orúkọ Waterford sí i nídìí. Ilé iṣẹ́ Waterford, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ireland ní ọdún 1783, tó kógbá wọlé ní 1851, tí wọ́n sì tún gbé dìde ní 1947, máa ń fi àsíìdì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí ife ní lẹ́tà wínníwínní, tí ó jẹ́ pé àfi bí a bá dojú ife dé, tí a sì yí i sí ìmọ́lẹ̀ ni a tó lè kà á.

Níbi àbùkù ni èdè ti ń dáàbò bo oníbàárà jù lọ. Gíláàsì tó sán ní ìlà lára, ṣùgbọ́n kò tíì pín sí méjì. Èyí tó kán ti pàdánù ẹ̀rún kan létí, bí eyín ṣe ń kán. Èyí tó fọ́ ti tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dà bí agbè tí Yorùbá ń gbàdúrà pé kí ó má fọ́ bí omi bá dànù. Ọlọ́jà tó bá wí pé "ó ní àbùkù díẹ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Ohùn náà sì ṣe kókó: "fọ̀" ni ọ̀rọ̀-ìṣe fún fífi omi nu nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ti àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó sì di "fọ gíláàsì". Àmì kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti "fọ́ gíláàsì", èyí tí kò sí ọlọ́jà tó ń fẹ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. "Ó rà á ní páùn 5, ó sì tà á ní páùn 60" ni Yorùbá. "Ó tà á fún páùn 60" sọ páùn di oníbàárà, nítorí pé ẹni tó gba nǹkan ni "fún" máa ń tọ́ka sí. "Ó rà á lọ́pọ̀" túmọ̀ sí pé kò wọ́n, "ó rà á púpọ̀" sì túmọ̀ sí pé iye rẹ̀ pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ọjà náà kò bá rí ẹni rà á, kì í ṣe pé "kò tà" nìkan, ó kùtà.

Kí àwọn tó ń kọ ìpolówó lédè Yorùbá jọ̀ọ́ máa kọ ọ́ báyìí: "Ife kirísítálì olójèé mẹ́fà, fínfín, àlòkù, ọ̀kan kán létí, kò sí èyí tó sán, páùn 60 ni a ń tà wọ́n." Oníbàárà tó bá ka èyí ti mọ ohun tó fẹ́ rà kí ó tó na ọwọ́ sí àpò.