Eyín Àhùkẹ́yìn: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyọ Eyín àti Ìtọ́jú Tó Ń Tẹ̀lé e

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé kì í ṣe ohun tuntun kí a sọ ohun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórúkọ ní èdè Yorùbá kí ó sì jẹ́ pé ilé onílé ni a wò. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ ìṣègùn kò sí lára ohun tí wọ́n dá lé, ṣùgbọ́n ìlànà ibẹ̀ wúlò fún un: àkànpọ̀ ọ̀rọ̀, ìsọdorúkọ, ìfẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú àti ọ̀rọ̀ àyálò.

Ibi kékeré kan ni àyẹ̀wò yìí dá lé, èyíinì ni yíyọ eyín tí ó máa ń hù gbẹ̀yìn lẹ́nu àgbà, àti bí ojú ibẹ̀ ṣe ń san. Ìdí tí ibi kékeré yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà ti ń wáyé. Ẹni tí ó bá ti Odò-Ẹrẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Ìlọrin tàbí ní Lọ́kọ́ja, kì í pẹ́ kí ó tó padà sílé. Ìyá, aya, ọkọ tàbí àbúrò ni yóò máa ṣètọ́jú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu oníṣègùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣini lọ́nà, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ilẹ̀ Òkun tilẹ̀ jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti dán ọ̀rọ̀-ìperí wò. Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ń sọ nílé níbẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Láti 1967 títí di 1991 ni wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, níbi tí èdè Ígálà àti Ẹ̀bìrà ti wà pẹ̀lú Yorùbá. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá gbára lé àdàpè ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó nìkan kò lè dá dúró níbẹ̀. Èyí tí a bá fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀ka-èdè mọ̀ dá ni yóò dúró.

2. Orúkọ eyín náà

Eyín àgbà jẹ́ 32. Mẹ́rin nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìparí àgbọ̀n lápá ọ̀tún àti apá òsì, lókè àti nísàlẹ̀, kì í hù títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 17 sí 25. 'Eyín ọgbọ́n' ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti kàwé ń pè é. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ ni èyí. Láti inú èdè Látìn, 'dens sapientiae', ni èrò náà ti wọ inú àwọn èdè Yúróòpù. Lárúbáwá ń pè é ní eyín làákàyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ronú bẹ́ẹ̀. Èdè Tọ́kì ń pè é ní eyín ogún ọdún. Ti Kòríà ń pè é ní eyín ìfẹ́. Ti Japan ń pè é ní ohun tí òbí kò mọ̀, nítorí pé ẹni tí eyín náà ń hù lẹ́nu rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ ojú òbí.

Ó hàn gbangba pé olúkúlùkù ló wo ilé ara rẹ̀. Ní ilé Yorùbá ńkọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọgbọ́n kì í ṣe ohun tí ń dúró de ogún ọdún. Èyí tí ó tún burú jù ni pé 'yíyọ eyín ọgbọ́n' lè mú kí aláìsàn rò pé ohun kan ń kúrò nínú orí òun.

Àwọn kan lè fẹ́ lo 'èrìgì'. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ ni èrìgì lẹ́nu àwọn kan. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ẹran tí ó di eyín mú ni. Bí oníṣègùn bá wí pé èrìgì ni òun yóò gé, ìtumọ̀ méjì ni yóò dé etí ènìyàn méjì. Ó sàn kí a lo 'ẹran ìdí eyín' fún ẹran náà.

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín ni 'eyín àhùkẹ́yìn'. Gbogbo ènìyàn mọ 'àbíkẹ́yìn', tí í ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe bí, àti kẹ́yìn. Bí a bá fi hù rọ́pò bí, ìtumọ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: eyín tí ó hù kẹ́yìn. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 'àyọkẹ́yìn'. Ọ̀rọ̀-ìṣe yọ ní ọ̀nà méjì: 'eyín yọ' ni pé eyín jáde síta, ṣùgbọ́n 'yọ eyín' lè jẹ́ pé a mú un kúrò lẹ́nu. Hù kò ní ìṣòro yìí. Ìbáà jẹ́ 'eyín ọmọ hù' tàbí 'ọmọ hu eyín', ìtumọ̀ kan náà ni. Kí a fi hù sílẹ̀ fún wíwá eyín, kí a sì fi yọ sílẹ̀ fún lílọ rẹ̀.

3. Eyín tí kò rí àyè

Nígbà tí eyín àhùkẹ́yìn bá fi máa dé, àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ ti gba àyè. Nítorí náà ó lè há sínú egungun tàbí sábẹ́ ẹran. 'Eyín àhámọ́' bá èyí mu, nítorí pé ẹni tí a tì mọ́ ibi kan ni a máa ń sọ pé ó wà ní àhámọ́. Ipò mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà: ó lè dàgẹ̀rẹ̀ síwájú, ó lè dàgẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ó lè dùbúlẹ̀, ó sì lè dúró ṣánṣán síbẹ̀ kí ó má lè jáde. Bí ó bá jáde díẹ̀, ẹran a máa bo apá kan orí rẹ̀ bí ìborí. Oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí a kó sábẹ́ ìborí yìí, ibẹ̀ a wú, ẹnu a sì ṣòro láti yà. 'Ìborí-eyín wíwú' ni orúkọ tí ó yẹ àìsàn yìí.

Ó yẹ kí olùtúmọ̀ ṣọ́ra kí 'àhámọ́' má di orúkọ àìsàn. Ní 2000, NICE, àjọ tí ń gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn ní Ẹ́ńgílándì, sọ pé kí a má ṣe yọ eyín àhámọ́ tí kò ní àìsàn kankan lára. Ipò ni àhámọ́. Wíwú, jíjẹrà àti ìrora ni àìsàn.

4. Fífà àti yíyọ

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ méjì tí a lè pín iṣẹ́ fún. Eyín tí ó dúró síta, tí a lè fi ẹ̀mú dì mú, fífà ni à ń fà á. Ṣùgbọ́n eyín àhámọ́ ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Oníṣègùn yóò gún abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára, yóò la ẹran ìdí eyín, yóò gbẹ́ díẹ̀ nínú egungun, ó sì lè gé eyín náà sí méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó kó o jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò rán ojú ibẹ̀. Èyí ni kí a máa pè ní 'iṣẹ́ abẹ ìyọ-eyín'. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'fífà' nìkan kò ní retí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú tí ó lè pọ̀ sí i títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Ọ̀rọ̀ 'iṣan' náà ń fẹ́ àlàyé. Yorùbá ń lò ó fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, fún ohun tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti fún ohun tí ń gbé ìmọ̀lára. Irú ìkẹta yìí kan gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Bí ọwọ́ iṣẹ́ abẹ bá kàn wọ́n, ètè tàbí ahọ́n lè má mọ ohun tí ń kàn án fún ọjọ́ pípẹ́. 'Iṣan ìmọ̀lára' ni kí a máa lò, kí aláìsàn lè mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí.

5. Àkọ̀-eyín àti ìdérí ẹ̀jẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lè ṣeni léṣe jù. Bí eyín bá kúrò, ó fi ihò sílẹ̀ nínú egungun. 'Ihò eyín' kò dára tó, nítorí pé eyín tí kòkòrò jẹ náà ni à ń sọ pé ó ní ihò. Idà ń gbé inú àkọ̀, inú àkọ̀ ni a sì ti ń yọ ọ́. Nítorí náà 'àkọ̀-eyín' ni ibi tí eyín fìdí múlẹ̀ sí nínú egungun.

Ẹ̀jẹ̀ yóò kún inú àkọ̀-eyín yìí, yóò sì dì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì yìí ni ó bo egungun àti iṣan ìmọ̀lára tí ó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹran tuntun yóò ti hù, tí egungun yóò sì tẹ̀lé e láàárín oṣù bíi mélòó kan. Bí a bá pè é ní 'ẹ̀jẹ̀ dídì', àṣìgbọ́ wọlé. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́, tí ó yẹ kí ó jáde. Ohun tí àwọn tí ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára sọ pé àwọn ń kó dànù nìyẹn. Alátọ̀ọ́jú tí ó rí i lẹ́nu aláìsàn lè fi omi ṣàn án dànù tàbí kí ó fi òwú nù ún kúrò, kí ó sì rò pé òun ṣe rere. 'Ìdérí ẹ̀jẹ̀' ni kí a máa pè é. Kò sí ẹni tí ń ṣí ìdérí ìkòkò láìnídìí.

Bí ìdérí yìí bá ṣí kúrò láìtọ́jọ́, egungun yóò wà ní ìhòòhò. Ìrora líle, tí ó lè ta dé etí, yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, òórùn búburú a sì máa bá a rìn. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí a fi èdè òyìnbó kọ, orúkọ tí ó gbajúmọ̀ fún èyí ni àkọ̀ tí ó gbẹ. Olùtúmọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e, tí ó sì kọ 'àkọ̀ gbígbẹ', ti yí ìròyìn burúkú padà sí ayọ̀. Ní Yorùbá, ọgbẹ́ tí ó gbẹ ni ọgbẹ́ tí ó san. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá kan ní Odò-Ẹrẹ̀ pé ojú ibi tí a ti yọ eyín ọmọ rẹ̀ ti gbẹ, Ọlọ́run ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

'Ìṣídèérí àkọ̀-eyín' ni a dábàá. Ṣí àti ìdérí ni ó di ṣídèérí nípa ìpàrójẹ fáwẹ́lì. Ohùn ìsàlẹ̀ tí fáwẹ́lì náà fi sílẹ̀ ni ó mú kí ohùn gòkè láti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú 'ní ìdí' tí ó di 'nídìí'. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ó sọ ọ́ di orúkọ.

6. Kíkọ ìwé ìtọ́ni

Ohun méjì ni ó kù tí olùkọ ìwé ìtọ́ni gbọ́dọ̀ kíyè sí. Èkíní ni ọ̀rọ̀-ìṣe mu. À ń mu omi, à ń mu ọsàn, à ń mu sìgá. Kò sí ewu nínú mímu omi láti inú ife. Fífà mu ni ó lè ṣí ìdérí ẹ̀jẹ̀ kúrò, ìbáà ṣe ọsàn tàbí sìgá. Nítorí náà kí a máa kọ 'fà mu' fún ohun tí a kà léèwọ̀. Èkejì ni àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọyún ni ohun funfun tí ń jáde lójú egbò. Bí ilé ìtẹ̀wé bá gbàgbé àmì kan péré, ó di oyún, ọ̀rọ̀ aboyún ni aláìsàn yóò sì kà.

Ìtọ́ni tí ó tẹ̀ lé ìlànà yìí lè lọ báyìí:

Fi eyín di òwú tí a fi sí ojú ibẹ̀ mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Lọ́jọ́ kìíní, má ṣe ṣan ẹnu, má ṣe máa tutọ́, má sì ṣe fa ohunkóhun mu. Ìdérí ẹ̀jẹ̀ wà nínú àkọ̀-eyín rẹ. Má ṣe fi ọwọ́, ahọ́n tàbí orín kàn án. Jẹ ohun rírọ̀ tí kò gbóná, bí ẹ̀kọ tàbí ògì lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, gba omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sẹ́nu, tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì jẹ́ kí ó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí wíwú bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bí ibà tàbí ọyún bá wà, tàbí bí ìrora bá tún le lẹ́yìn tí ó ti ń dínkù, padà sí ilé ìwòsàn. Bí mímí tàbí gbígbé nǹkan mì bá ṣòro, má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀

Eyín àhùkẹ́yìn: eyín mẹ́rin tí ó hù kẹ́yìn ní ìparí àgbọ̀n.
Eyín àhámọ́: eyín tí kò rí àyè hù jáde.
Ìborí-eyín: ẹran tí ó bo apá kan orí eyín.
Apàmọ̀lára: oògùn tí ń pa ìmọ̀lára ojú kan.
Iṣẹ́ abẹ ìyọ-eyín: yíyọ eyín nípa lílà àti gbígbẹ́.
Iṣan ìmọ̀lára: iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára.
Àkọ̀-eyín: ihò inú egungun tí eyín ń gbé.
Ìdérí ẹ̀jẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí ó dì láti bo àkọ̀-eyín.
Ìṣídèérí àkọ̀-eyín: kíkúrò ìdérí ẹ̀jẹ̀ láìtọ́jọ́.

8. Ìkádìí

Ìdánwò tí ó yẹ ọ̀rọ̀-ìperí ìṣègùn kọjá bí ó ṣe jọ ti èdè tí a ti mú un wá. Ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ṣe nígbà tí oníṣègùn kò sí nítòsí ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Kí àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ síwájú àwọn tí ń sọ Ìyàgbà, Owé àti àwọn ẹ̀ka-èdè yòókù, kí wọ́n béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ létí wọn. Èyí tí ó bá ṣini lọ́nà, kí a pààrọ̀ rẹ̀.