Ọgbẹ́ Kí Ó Tó Di Egbò

Wọ́n bi wá ní kíláàsì bóyá ìtumọ̀ kan náà ni ọgbẹ́ àti egbò ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹja àrọ̀ màmá mi ní Ìgbẹ́mọ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì í.

Nígbà ìsinmi, mo ń ya àwọn ẹja wa sọ́tọ̀, ńlá sí ọ̀tọ̀, kékeré sí ọ̀tọ̀, torí àrọ̀ ńlá kì í ṣàánú kékeré: yóò gé e jẹ tàbí kí ó gbé e mì. Ọwọ́ gbígbẹ ni mo fi ń mú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú funfun ti hàn lára wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mọ́kànlá ti kú. Inú ẹja yẹn sì ni owó ilé tí mo ń gbé ní Adó wà o.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀, tó fi máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, òun ni aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ, àwọ̀n tó le, etí báfù tó ti fọ́, gbogbo wọn ló ń bó aṣọ yẹn. Axolotl, ẹran omi ilẹ̀ Mexico tí wọ́n ń sìn nínú ilé, kò ní ìpẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, òmíràn a hù. Àrọ̀ wa kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà.

Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ tuntun, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja ń ba omi jẹ́, ibẹ̀ ni ọgbẹ́ ti ń di egbò. Ẹ fi omi tutù rin ọwọ́ yín, kí ẹ gbé ẹja náà sínú báfù omi kànga tó mọ́. Kí ẹ tó gbé e sí i, ẹ po iyọ̀ gíráàmù 3 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yọ́. Lítà 20 gba gíráàmù 60. Ẹ má rọ omi kún dẹ́nu, torí àrọ̀ máa ń yọjú wá mí afẹ́fẹ́. Ẹ fi àwọ̀n bò ó, ó mọ̀ ọ́n fò. Ẹ máa pààrọ̀ omi oníyọ̀ náà lójoojúmọ́.

Àwọn kan a máa tú kápúsù tí ènìyàn ń lò sínú omi ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ènìyàn ni yóò jẹ ẹja yẹn. Bí nǹkan bí òwú bá hù lójú ọgbẹ́, tàbí tí ó ń ràn, ẹ pe dókítà ẹran.

Lánàá, mo pe màmá láti Adó, mo béèrè èyí tó bó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ọgbẹ́ ṣì ni,” ni wọ́n wí, “kò tíì di egbò.”

Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé iṣẹ́ àṣekágbá mi.