Ìyẹ́ Ti Wà Kí Ẹyẹ Tó Fò

Tẹ́lẹ̀ mo gbà pé torí kí ẹyẹ lè fò nìkan ni ìyẹ́ ṣe wà. Àṣé mo ti ṣì í.

Lọ́dún 1861, wọ́n rí Archaeopteryx nínú òkúta ní agbègbè Solnhofen, ní Jámánì. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún. Ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, àmọ́ ó tún ní eyín lẹ́nu, èékánná lápá, àti ìrù gígùn eléegun bíi ti aláǹgbá.

Ṣé ó lè fò? Tí ẹ bá ń jẹ àyà adìẹ, ẹ wo eegun tó yọ síta láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣan tí ẹyẹ fi ń ju apá lẹ̀ mọ́. A ò rí irú eegun yẹn lára Archaeopteryx. Ó jọ pé ó lè fò díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí àwòdì.

Lọ́dún 1996, wọ́n tún fi Sinosauropteryx han ayé láti Ṣáínà. Dáínósọ̀ ni, kò lè fò rárá, síbẹ̀ ìyẹ́ wẹ́wẹ́ bí irun bo ara rẹ̀. Ìyẹn ló là mí lójú: ìyẹ́ ti níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, bóyá kí òtútù má baà mú ẹranko. Ẹyẹ kàn bá a nílẹ̀ ni, ó sì fi fò.

Tí ẹ bá tún rí adìẹ lágbàlá, ẹ rántí o: àtọmọdọ́mọ dáínósọ̀ lẹ̀ ń wò yẹn!