Ẹ̀kọ́ Lórí Tébù Tẹ́níìsì: Irú Pákó Báàtì Wo Ni Apá Wa Ká?

Bí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ bá ti parí, ibi tábìlì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń forí lé, ìbéèrè kan náà ni a sì máa ń gbọ́ níbẹ̀: “Àáfà, báàtì wo ni kí n rà kí símáàṣì mi lè máa wọlé?”

Kí a tó dáhùn, ẹ gbọ́ tiwa. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, a fi owó tó yẹ kí á fi ra ìwé ra pákó kan tí wọ́n há kábọ̀n sí láàárín. Ẹni tó tà á fún wa ní òun ni àwọn ọ̀gá eléré ń lò. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí, ẹ̀yìn tábìlì ló ń balẹ̀ sí. Odidi sáà kan ni a fi ń ṣa bọ́ọ̀lù, tí a sì ń yá ìwé onílé-oníwé kà. Ọ̀rẹ́ wa tí báàtì tirẹ̀ jẹ́ igi lásán ló ń nà wá lójoojúmọ́. Nígbẹ̀yìn, a tà á ní ìdajì owó.

Pákó báàtì kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Pẹlẹbẹ igi tínrín-tínrín ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, márùn-ún tàbí méje. Òfin àjọ ITTF ni pé, ó kéré tán, ìdá 85 nínú 100 ìnípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ igi gidi. Méjì lára igi tí àwọn tó ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè ń lò gan-an kì í sì í ṣe àjèjì sí wa: èyí tí wọ́n ń pè ní limba, afàrà ilẹ̀ wa ni, ayous sì ni arère tí àwọn onígẹdú ń là ní sọ́míìlì. Afàrà ni wọ́n sábà ń fi ṣe ojú pákó. Arère á wà láàárín nítorí pé ó fúyẹ́.

Oníhà márùn-ún máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá bà á, bọ́ọ̀lù á pẹ́ díẹ̀ lójú rọ́bà, ìyẹn ni ọwọ́ fi ń ráyè lọ́ ọ kí ó lè tẹ̀ wọ tábìlì. Oníhà méje le jù ú lọ, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ràn símáàṣì tààrà. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù oníke ti dé ní 2014, lílọ́ bọ́ọ̀lù ti dín kù díẹ̀, àwọn kan sì tìtorí rẹ̀ kó lọ sí oníhà méje. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nídìí eré yìí, oníhà márùn-ún ni a fọwọ́ sí, irú bíi Korbel tí Butterfly ń ṣe. Clipper ti Stiga, oníhà méje, lè tẹ̀ lé e. Kábọ̀n gidi sábà máa ń gbówó lórí jù wọ́n lọ fíìfíì.

Ẹ wo àmì tó wà lára rẹ̀: ALL kì í yá púpọ̀, OFF- yá díẹ̀, OFF yá, OFF+ yá jù. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi OFF ti ọ̀kan wé ti èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé pákó sókè sí ojú, kí ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti wọ́. Ẹ ta bọ́ọ̀lù lé e: bí ohùn bá ta gooro, ó le, bí ohùn bá wúwo, ó ń tẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin tó ń bi wá léèrè ìwọ̀n, èyí tó wà láàárín gíráàmù 80 sí 85 kì í tètè dá ọrùn ọwọ́ lágara, ti ọkùnrin náà sì ni.

Ẹ má ná gbogbo owó tán lórí pákó o. Rọ́bà méjèèjì á gbó láàárín oṣù díẹ̀, pákó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ẹ fi fáníṣì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lójú, kí ó gbẹ dáadáa, kí igi má baà máa bó tẹ̀ lé rọ́bà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.