Àwọn Kókó Inú Ọrùn Tí Ń Ṣọ́ Egungun

Nínú ọrùn ènìyàn, lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, ni àwọn kókó kéékèèké kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní parathyroid. Mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣọ́ kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, èyíinì ni èròjà tí ó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le. Bí ó bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, wọn a bu díẹ̀ láti inú egungun, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ Etioro-Àkókó ti í bu àgbàdo láti inú àká rẹ̀ ní ìgbà ọ̀wọ́n. Bí ó bá tó, wọn a dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí fi ń di àṣejù. Èkíní, ọ̀kan nínú àwọn kókó náà lè wú, kí ó má sì mọ ìgbà tí ó tó mọ́. Nígbà náà egungun a máa dunni, a sì máa tètè ṣẹ́. Òkúta a dì nínú kíndìnrín. Òùngbẹ, ìtọ̀ púpọ̀, ìgbẹ́ líle, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ ọkàn a sì tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni ó ń ṣe jù. Bí oníṣẹ́ abẹ bá yọ kókó tí ó wú náà kúrò, ara a sábà máa yá.

Èkejì ni ti oúnjẹ. Bí kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ ọmọdé bá kéré jù, àwọn kókó rẹ̀ a máa jí ti egungun kó, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ bí ọrun. Àwọn ènìyàn a ní ayé ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn ròyìn irú àwọn ọmọ 123 tí wọ́n tọ́jú ní Jos. Oòrùn kò wọ́n níbẹ̀. Kálíṣíọ̀mù ni ó wọ́n. Nígbà tí a fún wọn ní kálíṣíọ̀mù, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí san. Lẹ́yìn náà a tún rí i pé ẹja tí a lọ̀ pẹ̀lú egungun rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Iyán àti ẹ̀bà a máa yó ni, ṣùgbọ́n kálíṣíọ̀mù inú wọn kò tó nǹkan. Nítorí náà, kí ìyá ọmọ gún ẹja gbígbẹ tegungun-tegungun sínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi ewédú àti wàrà kún un. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, kí a tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tí òkúta kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tàbí tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ nítorí ìṣubú kékeré, kí ó má ṣe kọ́kọ́ ra oògùn egungun lọ́jà. Kí ó ní kí a yẹ kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ìrora egungun ni ogbó.