Ta Ló Mọ Ilé Bàbá Ẹni Tó Gba Owó Yín?

Bí a bá dárúkọ William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó wá gbé Ilé-Ifẹ̀ láàárín ọdún 1937 sí 1938, ọ̀rọ̀ Ifá àti àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà tún fara balẹ̀ wo nǹkan mìíràn tí àwa tí a ni ín kì í kà sí: èésú. Ní ọdún 1952, ó tẹ odindi àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti dá èésú rí mọ bó ṣe ń lọ. Èèyàn mẹ́wàá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan kó 50,000, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó kan ẹlòmíràn, títí gbogbo wọn á fi kó tiwọn. Kò sí èlé, kò sí lọ́yà, kò sí ju ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ olórí èésú lọ.

Kí wá ni kò jẹ́ kí olórí èésú gbé owó sá lọ? A mọ ilé bàbá rẹ̀ ni. A mọ agboolé tí wọ́n ti bí i, a mọ ìyá ìyàwó rẹ̀, a mọ ìsọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ́jà. Bó bá gbé owó sá, kò sí ọmọ ilé wọn tó máa lè gba Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan kí wọ́n má nàka sí i. Ìyẹn ni àbò tí èésú ní, àbò gidi sì ni.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí à ń kó owó sí ló ní irú àbò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, áàpù kan tó ń gba owó àwọn èèyàn láti fi dókòwò, dáwọ́ owó sísan dúró. Wọ́n ti sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀rọ kan tó gbọ́n bí èèyàn ló ń bá wọn ra kírípítò tó sì ń tà á, pé láàárín ọjọ́ 30, owó á di ìlọ́po méjì. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, inú bí àwọn èèyàn ní Ìbàdàn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì tó wà ní Òkè-Àdó, wọ́n kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ wo pàṣípààrọ̀ yẹn ná: owó ilé-ìwé ọmọ lọ, àga ọ́fíìsì wálé. Omijé kò tíì gbẹ tí ìkéde mìíràn tún fi jáde lórí áàpù náà: ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là, kó lọ san 100 dọ́là sí i, ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó san 200, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gan-an ló ni àkáǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó lè gba owó yín, olè ni. Kò sí àlàyé tó lè yí i padà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló dùn mí jù nínú ọ̀ràn yìí. EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì owó, fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta pé ilé-iṣẹ́ tó wà nídìí CBEX, ST Technologies International, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Ìwé tí kò ní ni ìwé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó gbogbo ẹni tó ń gba owó ará ìlú láti fi dókòwò. Nítorí náà, nígbà tí aṣojú wọn bá yọ ìwé CAC jáde nínú fóònù, kò purọ́. Ìwé náà wà lóòótọ́. Àmọ́ onídìrí náà ní ìwé CAC, ẹni tó ń ta bùrẹ́dì náà ní in. Ìwé CAC dà bí ìsọmọlórúkọ: ó ń sọ fún wa pé wọ́n ti bí ọmọ, kò sọ pé ọmọ náà kò ní jalè.

Kì í ṣe CBEX ló kọ́kọ́ ṣe é. Sogúndogójì ti pẹ́ láàárín wa. MMM tí Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀ wọ Nàìjíríà ní apá ìparí ọdún 2015, ó ń ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra ọdún Kérésìmesì, ó ti àkáǹtì wọn pa. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù owó tó tó bílíọ̀nù 18 náírà síbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn yá owó gbọ́mú-lé-láńtà láti fi wọ̀ ọ́, wọ́n sì san gbèsè yẹn tán lẹ́yìn tí MMM ti di ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ mú 10,000 náírà. Bó bá di ìlọ́po méjì lóṣooṣù bí CBEX ṣe wí, tí ẹ kò fọwọ́ kàn án, ní òpin oṣù kejìlá ó ti di 40,960,000 náírà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 41, láti inú owó tí kò ra àpò ìrẹsì kan. Ẹni tó bá mọ idán yẹn pa, kí ló ń wá lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere? Kó lọ yá 10,000 lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀, kó sì jókòó sílé.

Mutual fund wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, nítorí àwọn tí sogúndogójì ti jó lọ́wọ́ ti ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú mutual fund, ọ̀pọ̀ èèyàn da owó pọ̀ sínú àpò kan, ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ nípa ìdókòwò sì ń fi owó inú àpò náà ra treasury bill (owó onígbà díẹ̀ tí ìjọba ń yá), bọ́ǹdì, tàbí ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́. Iye tí ẹ fi sí i ni ẹ ó fi pín nínú èrè rẹ̀, ẹ ó sì pín nínú àdánù pẹ̀lú. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé kì í ṣe ọwọ́ kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pinnu ohun tí wọn yóò rà kọ́ ló ń tọ́jú owó. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó sábà máa ń jẹ́ báńkì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹlòmíràn tún wà, alágbàtọ́, tó ń ṣọ́ àwọn méjèèjì nítorí ẹ̀yin tí ẹ ni owó. SEC wà lórí gbogbo wọn. Ọwọ́ mẹ́ta, ojú mẹ́rin. Ohun tí ilé bàbá ń ṣe nínú èésú ni òfin ń ṣe níbí. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe kí ọmọ Ifẹ̀ fi owó rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tó wà ní Èkó tí kò rí rí.

Nítorí náà ẹ wádìí ilé bàbá náà. Orúkọ gbogbo àpò tó ní àṣẹ àti ilé-iṣẹ́ tó ń darí wọn wà lórí ìkànnì SEC, wọ́n sì ń gbé iye tí àpò kọ̀ọ̀kan tó síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì OAU bá yín wò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó tì í. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹ wo orúkọ náà lẹ́tà kan tẹ̀lé ìkejì, torí àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi wọ̀ bí ẹ̀wù, wọ́n á yí lẹ́tà kan padà, wọ́n á ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp, wọ́n á fi àwòrán ọ̀gá báńkì síbẹ̀. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ká san owó, orúkọ àpò náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì tí ẹ ń sanwó sí. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ni ẹ rí, ìbáà jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ jọ ń jọ́sìn, ẹ má san án. Àwọn pásítọ̀ àti àáfà wa náà ti kó síbẹ̀ rí. Ìgbàgbọ́ wọn kò sọ wọ́n di ẹni tó mọ ìdókòwò.

Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti fi owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì, de ẹni tó bá ń ṣe sogúndogójì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n olè kò dá owó padà.

Ó ku ohun tí àwọn tó ń ta mutual fund kì í sábà sọ sókè. Báńkì tí ẹ ti rà á ní Mayfair ní Ifẹ̀ tàbí nínú ọgbà OAU kọ́ ló ń ṣe onídùúró fún owó náà. Owó tó wà nínú àkáǹtì báńkì ni NDIC ń dáàbò bò. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó ti sún iye tó ń dáàbò bò dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá. Owó inú mutual fund kò sí lábẹ́ agboòrùn yẹn. Bí ohun tí àpò náà rà bá ṣubú, ó ṣubú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó kàn kì í ṣe "èwo ló ń mú èrè wá jù?" Ìgbà wo lẹ fẹ́ lo owó náà? Àgbẹ̀ kókó tó tajà nígbà tí iye kókó lókè òkun lé ní 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ìparí ọdún 2024 ti rí i pé kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wá sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Bó bá jẹ́ owó ajílẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ oko ọdún tó ń bọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpò tó ń ra treasury bill àti owó onígbà díẹ̀ ni kó fi sí, èyí tí wọ́n ń pè ní money market fund. Ó ṣeé gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kì í sì í ṣe sókè-sódò púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń gé lára èrè bí ẹ bá tètè yọ ọ́. Owó ilé-ìwé, owó iṣẹ́ abẹ, owó ilé tí lándílọ́ọ̀dù ń retí, ibẹ̀ náà ni.

Àpò tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ wà fún owó tí ẹ lè gbàgbé. Èmi kò sọ èyí láti orí òfìfo. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà ga ju 66,000 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yá owó kóópù láti fi ra ìpín báńkì. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti wá sábẹ́ 20,000. Nǹkan bí ọdún 15 kọjá kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, náírà ìgbà náà kò sì sí mọ́. Àwọn tó ní ìpín nínú Afribank, Bank PHB àti Spring Bank kò tilẹ̀ rí ìpadàbọ̀ kankan: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba àwọn báńkì náà, ìpín wọn sì di bébà. Ẹni tó fi owó gbogbo lé ìpín báńkì kan ṣoṣo jìyà ju ẹni tó wà nínú àpò tó ra oríṣiríṣi.

Ẹ má jẹ́ kí iye èrè nìkan dùn mọ́ yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà Nàìjíríà wà ní ìdá 34.80 nínú 100. Ẹni tí money market fund sanwó ìdá 22 fún lọ́dún yẹn rí i pé náírà òun pọ̀ sí i, àmọ́ bó bá gbé e lọ sí ọjà, iṣu tó lè rà ti dín. Síbẹ̀, ó sàn ju ti ẹni tó tọ́jú tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa darí owó òun lè ra bọ́ǹdì onífowópamọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. 5,000 náírà ni ó kéré jù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé lè béèrè sukuk, ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé, tàbí àwọn àpò tí wọ́n ń darí ní ìlànà ẹ̀sìn. Wọ́n wà, ẹ kò ní láti fi ẹ̀sìn yín sílẹ̀ kí ẹ tó dókòwò.

Èésú ńkọ́? Ẹ máa dá a lọ. Owó tí ẹ bá kó ni kí ẹ gbé lọ sínú mutual fund, kì í ṣe owó tí ẹ fẹ́ dá.

Bí ẹ bá sì ti fowó sínú àpò kan, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ àpò náà sí i, ilé-iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì yín níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín, tàbí àkọ́bí yín, ibi tí ìwé náà wà. Èrè tí kò sẹ́ni tó wá gbà ti pọ̀ jọ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn òkú tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ pé bàbá wọn ra ìpín rí. Inú fóònù nìkan kò tó. Fóònù lè sọnù ní Sábó lálẹ́ ọjọ́ kan.