ERÙPẸ̀ TÍ Ń ṢÀN WỌ ÀGBÀLÁ WA

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí oko ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò rẹ̀ wà lókè, mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ó gbá àgbàlá rẹ̀ lánàá. Lónìí, erùpẹ̀ pupa ti bo sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ ń yọ̀, àgbàlagbà lè ṣubú.

Kí ni ó ń gbé erùpẹ̀ náà wá? Omi ni. Bí a bá ń kó erùpẹ̀ dànù láràárọ̀, tí a kò wo ọ̀nà omi, iṣẹ́ náà kò lè tán. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré mọ ògiri. Ẹ ṣọ́ra o! Ògiri tí kò ní ihò ń sé omi mọ́ ẹ̀yìn ni. Gálọ́ọ̀nù omi kan tó gba lítà 20, kílò 20 ni ó wúwo. Ẹ wá ro ti erùpẹ̀ tó mu omi yó. Ògiri náà lè wó lójijì lu ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 síra wọn. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ihò, kí erùpẹ̀ má baà dí i. Ẹ la gọ́tà fún omi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ilé ẹlòmíràn. Bí ògiri yóò bá ga ju orúnkún lọ, ẹ pe bíríkìlà tó mọṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Òkè gan-an ni àtúnṣe tí kò náni lówó wà. Ẹ wo ebè aládùúgbò yín. Bí ebè bá dojú kọ ìsàlẹ̀, poro kọ̀ọ̀kan ti di gọ́tà nìyẹn. Kí ó kọ ebè náà ní ìbú, kí poro lè dá omi dúró.

Ní IITA, ní Ìbàdàn, Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970. Wọ́n wọn erùpẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò pàdánù púpọ̀. Èyí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Ìdí ni pé koríko ni ẹ̀kán òjò ń lù, kì í ṣe ilẹ̀. Pòròpórò àgbàdo tí à ń dáná sun, oògùn ni! Ní ààlà, ẹ gbin koríko ọba ní ìlà méjì, kí ó sún mọ́ra. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, a sì ń fi ewé rẹ̀ ṣe tíì.

Ṣùgbọ́n oko kì í ṣe tiyín. Ẹ má bá ariwo lọ ní ọjọ́ òjò. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́: “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé mi. Ọ̀rá ilẹ̀ yín ni omi ń gbé wá síbẹ̀.” Òótọ́ ni. Erùpẹ̀ òkè tó ń lọ yẹn ni iṣu rẹ̀ ń jẹ.

Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, báyìí:

“Onílé òkè yóò kọ ebè rẹ̀ ní ìbú. Onílé ìsàlẹ̀ yóò ra koríko ọba, yóò sì gbìn ín sí ààlà. Àwa méjèèjì yóò jọ la gọ́tà.”

Ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ka mọ́.